Òye mẹ́rin ló yẹ kó gbé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ró ní kíláàsì àgbà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ìwé yìí síta kó lè dé ọwọ́ àwọn olùkọ́, àwọn òbí àti àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ fún kíláàsì àgbà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ló ká wa lára.

Bí wọ́n ṣe sábà ń to iṣẹ́ yìí, àkòrí ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún fọ́líbọ́ọ̀lù, méjì fún eré sísá, méjì fún egungun àti iṣan, ọ̀kan fún ìtàn Òlíńpíìkì. Àkòrí kan kò bá èkejì tan. Ọmọ á dà á kọ, á há a sórí, á dà á sórí ìwé ìdánwò, ó parí nìyẹn.

Ẹ bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fọ́líbọ́ọ̀lù wò. Kò ní kọsẹ̀ rárá: pápá gùn ní mítà 18, ó fẹ̀ ní mítà 9, àwọ̀n ga ní mítà 2.43 fún ọkùnrin, mítà 2.24 fún obìnrin. Ẹ wá bi í pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí eré náà tí a bá sọ àwọ̀n kalẹ̀ sí mítà 2.10. Á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kejì yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Tí àwọ̀n bá wálẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kọjá àwọ̀n tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù kò ní pẹ́ lókè mọ́, àwọn tó wà níwájú á ní láti kọ́ bí a ti ń fò dí i, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì ní láti yí ibi tí wọ́n ń dúró sí padà. Ohun kan ṣoṣo la yí, gbogbo eré ló yí tẹ̀ lé e. Ọmọ tó bá lóye èyí ti ní ohun tó lè mú lọ sínú eré yòówù.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ètò ẹ̀kọ́ náà kúrò lórí àkòrí, kó wá dúró lórí òye díẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti wọ ọmọ lára, kò ní lè wo ara tó ń sáré tàbí tó ń ṣeré bó ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀ mọ́. Jan Meyer àti Ray Land, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, kọ nípa irú òye bẹ́ẹ̀ ní 2003. Wọ́n ní ó máa ń yí ojú tí ènìyàn fi ń wo nǹkan padà, ó ṣòro láti gbàgbé, ó máa ń so àwọn nǹkan tó dà bí ẹni pé wọn kò tan mọ́ra wọn, ó sì sábà máa ń da ọkàn láàmú kó tó wọlé. Àmì ìkẹyìn yìí ni àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ máa ń fò dá. Òye tí kò bá ta ko ohun tí ọmọ ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní yí i padà.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má kọ "Ìlera" tàbí "Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe" sára ògiri kó ní òun ti rí òye ńlá. Àkòrí nìwọ̀nyẹn. Òye gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi gbólóhùn. Ẹni tí kò tíì kọ́ ọ gbọ́dọ̀ lè jiyàn sí i. Ó sì gbọ́dọ̀ wúlò nínú eré mẹ́ta tí kò jọra, ó kéré tán. Bí a bá fi ìwọ̀n mẹ́ta yìí yẹ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé iṣẹ́ wò, mẹ́rin ni àwa rí tó dúró gbọin.

Èkínní: kì í ṣe inú ara ẹni tó ń ṣeré nìkan ni ìmọ̀ọ́ṣe ti ń wá, àárín òun, ohun tí eré náà ní kó ṣe, àti ibi tó ti ń ṣe é ló ti ń jáde. Karl Newell, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń kọ́ ìmọ̀ọ́ṣe, ló là á sílẹ̀ báyìí ní 1986. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ, àti ọ̀pọ̀ olùkọ́ náà, gbà gbọ́ ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló tọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù, kí gbogbo ènìyàn sì máa farawé e lórí ìlà. David Bunker àti Rod Thorpe ti kọ ọ́ ní 1982 pé inú eré gan-an ló yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi yẹ kó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, kó tó di pé à ń tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ nìyí. Ẹ sàmì sí pápá tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 15, kí ilé bọ́ọ̀lù jẹ́ mítà 2. Mẹ́ta sí mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọmọ méjì dúró lẹ́bàá pápá, ọ̀kan ń ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ ẹnì kejì láìjábọ́ sọ́wọ́ alátakò, èkejì ń ka iye ìgbà tí wọ́n gbá a sí ilé. Ẹ wá fẹ pápá náà sí mítà 25 láìyí ohun mìíràn padà, ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Kíkọ yìí ni iṣẹ́ náà dá lé. Ọmọ tí kò bá kọ nǹkan kan á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá pápá padà sí mítà 15, kí wọ́n tún gbá a ní ìgbà kẹta. Láìsí ìgbà kẹta yìí, a kò lè mọ̀ bóyá fífẹ̀ pápá ló mú kí iye náà yí ni, tàbí pé ó ti rẹ̀ wọ́n, tàbí pé ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọlé.

Ohun tó sábà máa ń ba èyí jẹ́ ni ìkánjú. Olùkọ́ á fẹ pápá, á sì tún pààrọ̀ bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sì kéré. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè ṣe kòńgẹ́ oríire. Ẹ kó iye gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní kíláàsì jọ kẹ́ ẹ tó pinnu.

Èkejì la fẹ́ dúró lé lórí pẹ́ jù, torí pé ibẹ̀ ni àwòrán inú ìwé ti ń ṣi ọmọ lọ́nà jù. Ọ̀nà mẹ́ta tí ara ń gbà pèsè agbára jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Kò sí èyí tó ń dúró de èkejì. Àwòrán tí wọ́n ń yà ni pé ATP (ohun tí iṣan ń ná gẹ́gẹ́ bí agbára) àti phosphocreatine (ohun inú iṣan tó ń tètè dá ATP padà) ló ni ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́, ṣúgà tí ara ń fọ́ láìlo ọ́síjìn ló ni ibẹ̀ títí dé nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, kí ọ́síjìn tó wá dé. Ọmọ á wá rò pé ó dà bí ìgbà tí ènìyàn pa iná yàrá kan kó tó tan ti yàrá kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ènìyàn bá fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 75, bí ìdajì agbára tí ara ná láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ọ̀dọ̀ ọ́síjìn wá. Eré mítà 800 tí ọ̀pọ̀ ń rò pé èémí kò kàn, ọ́síjìn ló gbé apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í mú ọmọ gba èyí gbọ́. Ẹ jẹ́ kó rí i. Kó sá mítà 30 ní ìgbà mẹ́fà, kó sinmi ìṣẹ́jú àáyá 20 láàárín wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tún un sá ní ìgbà mẹ́fà, kí ìsinmi wá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àkókò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sí i láti bí ìgbà kẹta. Ní ọjọ́ kejì, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí. Ìdí rẹ̀ ni pé phosphocreatine inú iṣan ń padà dé bí ìdajì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, ó sì máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán. Ọ̀nà tó ń lo ọ́síjìn ló sì ń tún un ṣe. Ibẹ̀ ni ojú ọmọ á ti là: ẹni tó ń sáré kúkúrú pàápàá, ọ́síjìn ló ń mú un múra sílẹ̀ fún eré tó kàn. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, tẹ́nìsì, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló máa wò lákọ̀tun.

Àwọn ohun tó máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́ kò ṣòroó tún ṣe. Ọmọ tó mọ̀ pé mẹ́fà ni òun máa sá á fi agbára pamọ́. Ẹ óò mọ̀ ọ́n bí ìgbà kẹfà bá yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sá ẹyọ kan pẹ̀lú gbogbo agbára lẹ́yìn ìmúragbóná. Bó bá sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 5.0, àkọ́kọ́ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò gbọ́dọ̀ kọjá 5.25, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kó sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún kó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tún máa ń dẹwọ́ kí wọ́n tó dé ìlà, nítorí náà ẹ gbé kóònù sí mítà 35, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n sá dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa dá aago dúró ní 30. Ẹni kan náà ni kó máa di aago mú fún ọmọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kó má sì kọ 4.87 sílẹ̀: ọwọ́ ènìyàn kò yára tó bẹ́ẹ̀, 4.9 ti tó.

Ẹ̀yìn èyí ni ẹ lè sọ pé lactate, ohun tí ara ń mú jáde bó bá ń fọ́ ṣúgà láìlo ọ́síjìn, kọ́ ló ń mú kí ara ro ọmọ lọ́jọ́ kejì. Ó máa ń kúrò lára láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Ìrora náà sì máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72.

Ẹ̀kẹta: iṣẹ́ kì í sọ ara di alágbára lójú ẹsẹ̀, ìgbà tí ara ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀ ló ń tún ara rẹ̀ kọ́. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, kó fi bíi wákàtí 48 sáàárín iṣẹ́ líle méjì fún iṣan kan náà, kó sì kọ ìdí tó fi yàn bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìdánwò sáré-sọ́tùn-ún-sáré-sósì mítà 20 tí Luc Léger àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Kánádà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní kìlómítà 8.5 ní wákàtí kan, ó sì ń fi ìdajì kìlómítà kún un ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí olùkọ́ bá fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀, tó wá jẹ́ mítà 19, ẹni tí aago ní ó ń sáré ní kìlómítà 10 ń sáré ní 9.5 gan-an ni. Ipele kan odindi ti sọnù. Tépù ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Kí ọmọ sì ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lo ti ẹ̀ẹ̀kejì, torí pé ìgbà àkọ́kọ́, bí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n ń kọ́. Ọmọ tó bá ń gbé irin, kó mọ̀ pé agbára tó rí ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ nítorí pé iṣan ti nípọn. Ọpọlọ àti àwọn fọ́nrán tó ń gbé iṣẹ́ ránṣẹ́ láti ọpọlọ ló kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pe iṣan náà.

A gbọ́dọ̀ sọ ti ìlùkìkì ọkàn níhìn-ín. Ìṣirò iye tó pọ̀ jù tí ọkàn lè lù ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 220 ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò, fún ọmọ ọdún 16 ní 204. Èyí tí Hirofumi Tanaka àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2001, ìyẹn 208 ẹ yọ ọjọ́ orí tí a fi 0.7 sọ di púpọ̀, fún ọmọ kan náà ní bíi 197. Méjèèjì jẹ́ àròpín fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ti ẹnì kan lè fi mẹ́wàá lé e tàbí kó fi mẹ́wàá dín. Bí ọmọ bá ka ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15 tó sì fò ẹyọ kan, ó ti ṣi mẹ́rin nínú ìṣẹ́jú kan. Kí wọ́n mọ èyí kí wọ́n tó máa fi nọ́ńbà ṣe àwáwí tàbí fọ́nnu.

Ẹ̀kẹrin ló máa ń ta àwọn ènìyàn lára jù: ẹni tó ń ṣeré àti ẹni tí kò ṣe é, ìfẹ́ inú wọn nìkan kọ́ ló pín wọn, àyè, àkókò, aṣọ àti ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú wà nínú rẹ̀. Àdéhùn UNESCO ti 1978, tí wọ́n tún kọ ní 2015, pe eré ìdárayá ní ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ dáadáa fún àròpín ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ìṣirò wọn fún 2016 fi hàn pé ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 lágbàáyé kò ṣe tó bẹ́ẹ̀: obìnrin 85, ọkùnrin 78.

Kí àwọn ọmọ má kàn ka iye yìí kí wọ́n kọjá lọ. Ní àkókò ìsinmi, kí ẹni méjì máa wo pápá láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n ka iye obìnrin àti ọkùnrin tó jókòó tàbí tó dúró, tó ń rìn, tó ń sáré. Ọjọ́ mẹ́fà, kí wọ́n da ti ọjọ́ àkọ́kọ́ nù, torí pé ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun á yí ìṣe rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yí ohun kan ṣoṣo padà, bóyá kí wọ́n ya apá kan pápá sọ́tọ̀ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún àwọn tí bọ́ọ̀lù kì í kàn, kí wọ́n sì tún kà á. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ ni gbólóhùn "wọn ò fẹ́ ṣeré ni". Ẹ má gbà á bó bá ti jáde. Ẹ ní kí ẹni tó sọ ọ́ wá fi iye tí wọ́n kà gbè é lẹ́yìn.

Ìkìlọ̀ kan wà tí kò ṣeé fi falẹ̀: ẹ má lẹ èsì ìdánwò ọmọ mọ́ ògiri, ẹ má sì wọn ọmọ lórí ìwọ̀n lójú kíláàsì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù nípa ikọ́ fée àti àìsàn ọkàn kí ó tó sáré dé góńgó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí kò bá fẹ́ di aago mú dípò.

Bí ọ̀sẹ̀ bá ní ìgbà mẹ́ta, méjì àkọ́kọ́ ni kó wà lórí pápá, kí ti kíláàsì kẹ́yìn. Tí a bá yí i po, ọmọ á gbọ́ ìdáhùn kó tó ní ìbéèrè. Òye kọ̀ọ̀kan á gba tááàmù kan, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ parí síbẹ̀: ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tún yọjú nínú iṣẹ́ ti kejì àti ti ẹ̀kẹta. Ibo la ó ti rí àkókò? Ẹ yọ híhá ìwọ̀n pápá àti ọdún tí wọ́n dá eré sílẹ̀ sórí kúrò. Ẹ tẹ wọ́n sínú bébà kan tí ọmọ lè mú wọ yàrá ìdánwò.

Ìdánwò ló sì máa pinnu bóyá gbogbo èyí á dúró. Olùkọ́ kò lè máa kọ́ òye kí ìdánwò máa béèrè ohun tí ọmọ há sórí. Ní tiwa, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni kó wà fún ìwádìí tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, 30 fún eré, kí a wo ìpinnu rẹ̀ nínú eré pẹ̀lú bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, 30 fún ìwé. Nínú ti ìwé, kí irú ìbéèrè yìí wà: Ọmọ kan tó ń jẹ́ A sá mítà 30 ní ìgbà mẹ́fà, ó sì gba ìṣẹ́jú àáyá 4.8, 4.9, 5.2, 5.4, 5.5, 5.5. Ti ọmọ kejì, B, jẹ́ 5.1, 5.1, 5.2, 5.2, 5.2, 5.3. Ìsinmi kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Eré wo ló bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu, kí lo máa fún A ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí sì ni wàá kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ kó o tó gba nọ́ńbà wọ̀nyí gbọ́?

Ọmọ tó há nǹkan sórí á kọ ọ́ pé ọmọ A ń lo phosphocreatine, ọmọ B ń lo ọ́síjìn. Ó dùn ún gbọ́, kò sì tọ̀nà. Ọmọ tí òye ti wọ̀ lára á kọ ọ́ pé méjèèjì ló ń lo méjèèjì, pé ọmọ A yára ju B lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n kì í tètè gba okun padà, pé òun fẹ́ mọ ẹni tó di aago mú àti bóyá B kò fi agbára pamọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ ìdáhùn méjì yìí hàn kedere, kò sì nira láti fún un ní máàkì.

À ń bẹ àwọn àjọ tó ń ṣètò ìdánwò pé kí wọ́n fi irú ìbéèrè báyìí kan ṣoṣo sínú ìwé tó ń bọ̀, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú kí olùkọ́ lè ráyè múra. Ẹ̀yin olùkọ́ tí kò lè dúró dè wọ́n, ẹ mú òye kan, kíláàsì kan, tááàmù kan. Tépù, kóònù mẹ́jọ, fóònù tó ní aago àti ìwé ìkọ̀wé ti tó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tí wọn kò rí rí, kẹ́ ẹ sì wo ohun tí wọ́n kọ. Bó bá jẹ́ gbólóhùn yín ni wọ́n dà padà fún yín, ẹ padà sí pápá kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Àwa ni tiyín,
Àwa olùkọ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá